Nọ́ńbà Ìwé Bàbá Mi

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀la ni olùdánwò máa yẹ iṣẹ́ ìwádìí wa wò. Tèmi dá lórí omi kànga àdúgbò wa, ìwé kan ṣoṣo ni mo sì gbé e lé: ìwé tí bàbá mi, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ omi wò, kọ lọ́dún tó ṣáájú ikú wọn. Ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣù tó kọjá. Nígbà tí mo tẹ àdírẹ́sì tí mo kọ sílẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, wọ́n ní kò sí ojú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àǹtí Láíbìrì, tó ń tọ́jú ìwé nílé ẹ̀kọ́ wa, kìlọ̀ fún wa.

“Ẹ má kọ àdírẹ́sì nìkan,” ni wọ́n wí. “Ilé àyágbé ni, ìwé lè kó kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ibi yòówù kí ìwé kó lọ, nọ́ńbà yẹn á wá a rí.”

Etí mi gbọ́, ọwọ́ mi ò gbọ́.

“Mú nọ́ńbà ìwé mìíràn, kó o yí ìparí ẹ̀ padà,” ni ọ̀rẹ́ mi, tí a ń pè ní Mọ̀ọ́tán, wí. “Gbogbo wọn ló jọra.”

“Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́?”

“Iṣẹ́ ogójì èèyàn ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Ta ló ráyè?”

Mo wo ìlẹ̀kùn Àǹtí Láíbìrì. Ó ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mi ò fẹ́ gbọ́ “ṣebí mo sọ fún ẹ.” Ni mo bá mú nọ́ńbà ìwé mìíràn, mo yí òǹkà méjì tó parí rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì, olùdánwò ráyè. Wọ́n tẹ nọ́ńbà mi níṣojú gbogbo kíláàsì. Ohun tó jáde lára ògiri, níbi tí ẹ̀rọ ń gbé àwòrán sí, ni ìwádìí lórí eyín ewúrẹ́. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, Mọ̀ọ́tán náà rẹ́rìn-ín.

Olùdánwò ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ibi tí mo kọ ọ́ sí pé bàbá mi ló kọ ìwé náà. “Ṣé bàbá ẹ tiẹ̀ kọ ìwé kankan?” ni wọ́n bi mí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹ̀rín lọ. “Wọ́n kọ ọ́, mà,” ni mo dáhùn. “Nọ́ńbà yẹn ni mo pa irọ́ ẹ̀.”

Wọ́n kọ òdo síwájú orúkọ mi. “Lọ wá a wá kí n tó kúrò níbí,” ni wọ́n wí.

Mo sáré lọ bá Àǹtí Láíbìrì, mo jẹ́wọ́. Wọn ò bá mi wí rárá. Wọ́n tẹ orúkọ bàbá mi àti àkọlé ìwé náà sí ibi tí wọ́n ti ń wá nọ́ńbà ìwé, nọ́ńbà rẹ̀ sì jáde. A tẹ̀ ẹ́, ìwé ṣí. Ọ́fíìsì bàbá mi ló ti kó gbogbo ìwé rẹ̀ lọ sí àdírẹ́sì mìíràn. Nígbà tí mo rí orúkọ wọn lókè ojú ìwé, mo bú sẹ́kún.

Olùdánwò kà á dé ìparí. “Òdo yẹn ò ní kúrò,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n bàbá ẹ ṣiṣẹ́.”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lò tó ọjọ́ kan. Ojú tì mí láti béèrè, mo wá fi irọ́ sọ bàbá mi di ẹni tí wọ́n ń béèrè bóyá ó kọ̀wé. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ. Ìlẹ̀kùn Àǹtí Láíbìrì ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń yí nọ́ńbà yẹn padà.