Kò Tíì Hàn Dáadáa

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Bùnmí kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì nínú bàtà kánfáàsì tó ti gbó, wọ́n ń rọ̀ dirodiro láti orí òrùlé, wọ́n ń wá àkàbà tí afẹ́fẹ́ ti sún kúrò nípò. Bùnmí sáré jáde, ó gbá àkàbà náà mú, ó sì tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ ṣeun, mà," ni ohùn kan wí lókè.

"Ta ni mà? Ọ̀la ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pé ọdún mẹ́rìnlélógún o."

Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó ki sípánà bọ àpò, ó sì rẹ́rìn-ín. Owólabí ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ Ògúndípẹ̀ tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe ní Abúlé Adó ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n sì máa ń rán wá sí Fẹ́sítáàkì láti ri áńtẹ́nà mọ́ orí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọ ibẹ̀ lọ́dún 1978 yẹn. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lójú rẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti tán.

"Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí yín ni tẹlifíṣàn yẹn, àǹtí?"

"Dádì mi ló rà á. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn bí mo ṣe máa ń lọ jókòó sílé onílé ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè nítorí eré."

"Eré jagunjagun yẹn? Ti agogo mẹ́fà?" Ojú Owólabí tàn. "Èmi náà kì í fi í ṣeré. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ni mo ti máa ń wò ó, lórí tẹlifíṣàn tí oníbàárà ò bá tíì wá gbé."

Eré ayé àtijọ́ ni. Jagunjagun kan mú ọmọbìnrin kan lẹ́rú, ó wá fẹ́ fi ṣe aya, gbogbo Èkó sì ń retí èsì ọmọbìnrin náà. Bùnmí ní kò ní gbà láéláé. Owólabí ní á gbà. Wọ́n jiyàn lẹ́bàá àkàbà títí Ìyáàfin Rosaline, ìyá Bùnmí, fi yọjú láti ilé ìdáná, tó béèrè bóyá iṣẹ́ ò tíì tán.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé tí í ṣe ọjọ́ ìbí gan-an, wọ́n gé kéèkì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kọrin, wọ́n sì lọ. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga, gbé pákó dráfù sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú Clement aládùúgbò wọn. Bùnmí jókòó ti aṣọ kíróṣé tó ń hun, ó ń ka ojú òwú, ó sì ń ṣì í kà. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ sí Abúlé Adó pé àwòrán ń gbọ̀n. Kò gbọ̀n púpọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Owólabí dé. Ó yí áńtẹ́nà díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì yọ ìwé kan láti inú àpò. Ó ti fi pẹ́ńsù ya ẹrúbìnrin inú eré náà, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ pé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ lo yà á?" Bùnmí ò mọ ìgbà tí "ẹ" di "o" lẹ́nu rẹ̀.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn nígbà tí iná bá lọ. Ẹ kú ọjọ́ ìbí."

Bàbá rẹ̀ rí ìwé náà nírọ̀lẹ́. Kò pariwo. "Kí áńtẹ́nà yẹn dára lọ́la o," ló wí, "torí ọ̀la ni ìkẹyìn tí ọmọ iṣẹ́ yẹn máa wọ ọgbà mi."

Èmi tí mò ń ròyìn yìí, ká ní ó ṣeé ṣe ni, ibí yìí ni ǹ bá ti dá òpin ọ̀sẹ̀ náà dúró.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òjò rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, afẹ́fẹ́ sì yí áńtẹ́nà sódì ní tòótọ́. Owólabí gun òrùlé ní agogo márùn-ún. Bàbá rẹ̀ àti Clement wà nídìí dráfù, ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, Bùnmí nìkan ló dúró lójú fèrèsé láti máa ké sí i bí àwòrán ṣe ń rí.

"Ó ti hàn?"

Ó ti hàn. Ó mọ́ kedere, àní ẹni tó ń ka ìròyìn, èèyàn lè ka bọ́tìnnì rẹ̀. Bùnmí sì mọ̀ pé bí òun bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀, Owólabí á sọ̀kalẹ̀, á lọ, kò sì ní í padà wá mọ́.

"Kò tíì hàn dáadáa," ló wí.

Owólabí yí i. Ó fi Bùnmí ṣe yẹ̀yẹ́ láti òkè, ó ní ẹrúbìnrin náà ti ń dirun ìyàwó, ó kù díẹ̀ kó gbà. Bùnmí rẹ́rìn-ín. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, Bùnmí fèsì kan náà. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Ó tó wákàtí kan tó fi ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí òrùlé tútù yẹn, tí inú Bùnmí ń dùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ẹsẹ̀ yọ̀. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ lórí òrùlé, ó sì gbọ́ ọ lórí símẹ́ńtì. Orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Apá ọ̀tún ló fi gúnlẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fọ́ yángá. Oṣù méjì ló lò nílé ìwòsàn, nígbà tó sì jáde, apá náà le gbagidi, àwọn ìka ò sì lè di nǹkan mú mọ́.

Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó fún òun ní ìjókòó nídìí tábìlì àtúnṣe. Ògúndípẹ̀ kọ̀. "Wákàtí kan gbáko lórí áńtẹ́nà kan ṣoṣo! Ẹni tí ò mọ ibi tí áńtẹ́nà ń kọjú sí, ṣé inú tẹlifíṣàn ló máa mọ̀?" Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga náà ti ń sọ fún gbogbo Fẹ́sítáàkì pé ọmọ yẹn ò mọ iṣẹ́.

Gbogbo Sátidé ni Bùnmí ń gbé oúnjẹ lọ sí Abúlé Adó, sí yàrá tí Owólabí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àpèkẹ́, ń gbé. Ìfẹ́ wọn ń jinlẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba Bùnmí. Ní Sátidé kan, Owólabí wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ, Bùnmí mi. Bóyá mi ò mọ iṣẹ́ yẹn rárá. Mo yí i, mo yí i, kò hàn."

Bùnmí ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ó hàn," ló wí. "Ìgbà àkọ́kọ́ tó o yí i ló ti hàn. Mo purọ́ fún ẹ. Mi ò fẹ́ kó o lọ ni."

Àpèkẹ́ gbé abọ́ oúnjẹ kúrò láàárín wọn.

"Máa lọ," ni Owólabí wí nígbà tó yá.

"Labí, jọ̀ọ́..."

"Mo ní kó o máa lọ, kí n tó sọ ohun tí ò ní ṣeé kó padà."

Kò lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù Ògúndípẹ̀ ló gbà lọ tààrà, ó sì sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà láìyọ ibì kankan sílẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ògúndípẹ̀ ránṣẹ́ pe Owólabí padà sídìí tábìlì. Ọwọ́ òsì ló wá ń fi kọ́ iṣẹ́ bí ọmọdé, irin gbígbóná ń jó o níka lójoojúmọ́. Kò ránṣẹ́ sí Bùnmí. Oṣù mẹ́rin kọjá. Bùnmí rù, kò sì dá ara rẹ̀ láre.

Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sídeè kan, Owólabí àti Àpèkẹ́ kan ilẹ̀kùn ilé Bùnmí. Àpèkẹ́ kúnlẹ̀, Owólabí dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá wá.

"Ọmọ mi ló sọ ẹ́ dà báyìí," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga wí, "o wá fẹ́ fẹ́ ẹ? Àbí o fẹ́ mú un lọ jẹ níyà ni?"

"Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ náà, sà. Ìdí tí mo fi pẹ́ nìyẹn." Owólabí gbé ojú sókè. "Inú ṣì ń bí mi. Àárọ̀ mìíràn wà tí mi ò lè de bọ́tìnnì, màá rántí ohùn rẹ̀, inú á bí mi gidi gan-an. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀, sà. Ká ní ó dákẹ́ ni, òjò la bá máa dá lẹ́bi títí láé. Ó kó ìtìjú bo ara rẹ̀ kí n lè rí iṣẹ́ ṣe. Mi ò mọ ẹlòmíì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ó wá kọjú sí Bùnmí. "Mi ò sọ pé mo ti gbàgbé o. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa bínú, nítòsí rẹ ni mo fẹ́ ti máa bínú."

"Ìgbà wo ló máa tán?" Omi ti kún ojú Bùnmí.

"Mi ò mọ̀, olólùfẹ́ mi."

"Màá dúró dè é."

Ìyáàfin Rosaline ló sọ̀rọ̀. "Dádì Bùnmí, ẹ dá àwọn ọmọ lóhùn." Bàbá náà wo apá gbígbẹ yẹn, ó sì yára gbé ojú kúrò. Ó ní kò ní sí ijó, kò ní sí ìlù, ṣùgbọ́n òun máa wá.

Àwọn márùn-ún péré ló lọ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan lẹ́yìn oṣù kan. Akọ̀wé tẹ ìwé ńlá síwájú wọn. Bùnmí kọ orúkọ tirẹ̀ kíákíá. Owólabí fi ọwọ́ òsì gba gègé, ó fi apá ọ̀tún tẹ etí ìwé náà mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń làágùn. Akọ̀wé ní kó kàn tẹ̀ka, àwọn èèyàn ń dúró níta. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga dìde.

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ ọmọ mi kọ orúkọ rẹ̀ tán," ló wí.

Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Gbogbo wọn sì dúró dè é.