Àmì Ẹfun Lábẹ́ Mọ́gáàdì

“Sọ̀kalẹ̀ lórí sípánà yẹn! Ṣé òkè lo fẹ́ fi gùn ni?”

Ọmọbìnrin náà bẹ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn lára táyà iwájú ti le bí òkúta, ìwúwo ara rẹ̀ ló sì fẹ́ fi tú u. Ọ̀gá mẹ́káníìkì, tí í ṣe àbúrò ìyá rẹ̀, gba sípánà náà, ó ki páìpù gígùn kan bọ ìdí rẹ̀, ó sì dá a padà fún un. Ọwọ́ kan ni ọmọbìnrin náà fi tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì ké kíún, ó tú.

“Kò ju pé ó gùn sí i lọ, Bọ̀ọ̀dá?”

“Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin gígùn ò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ tín-ín-rín.”

Nítorí irú nǹkan báyìí ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe ń pè é ní Sípánà. Ìdánwò ti parí, ilé ìwé ti wọ ìsinmi, ibi iṣẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ ló sì ti ń lo ìsinmi náà. Ìyá rẹ̀ gan-an ló ni pikọ́ọ̀pù tó wà lórí jáàkì lọ́jọ́ yìí. Òun ló fi ń kó pákó láti ilé ìlagi lọ fún àwọn káfíńtà. Ọkọ̀ tó lágbára ni, ẹrù tí ọkọ̀ mìíràn bá rí tó sá, tirẹ̀ ni, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ikùn rẹ̀ á máa wọ́ nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà ilé ìlagi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ táyà àti rímù rẹ̀, kí wọ́n lè fi àwọn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò wọn.

“Kí ló dé tí táyà ńlá kì í há síbi tí kékeré ti ń há?” Sípánà béèrè.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú ìdérí agolo kan, ó yí i kọjá lórí ihò kan nílẹ̀. Ìdérí náà kó sínú ihò, ó dúró. Ó mú ìdérí ìkòkò ńlá, ó yí i lójú ọ̀nà kan náà. Èyí kọjá bí ẹni pé kò sí ihò níbẹ̀ rárá, ó lọ forí sọ ògiri.

“O rí i? Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bá tóbi sí i, bàtà á fún un. Abẹ́ mọ́gáàdì ni bàtà táyà.”

Nígbà tí wọ́n gbé táyà tuntun sí i tán, wọ́n di àwọn nọ́ọ̀tì. Wọn ò tò wọ́n tẹ̀ léra o. Bí wọ́n bá di ti òkè, wọ́n á di èyí tó kọjú sí i nísàlẹ̀, kí rímù lè jókòó dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mú ẹfun ìkọ̀wé jáde, ó ní kí Sípánà kun etí táyà iwájú méjèèjì, kí ẹfun lè fi ibi tí táyà bá ti kan ara ọkọ̀ hàn. Ó wa táyà ọ̀tún gun orí gẹdú kan, kí ìwúwo ọkọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tó bá gun gegele lójú ọ̀nà. Sípánà yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún, ó yí i dé òpin lósì. Ọ̀gá tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ mọ́gáàdì. Kò sí ẹfun níbẹ̀. Ó wá gbé ẹsẹ̀ òsì náà gun orí gẹdú, ni oníbàárà kan bá ń pè é níta.

“Parí eléyìí fúnra rẹ. Bí o bá rí funfun níbikíbi, pè mí. Màmá rẹ ló máa jókòó lé iṣẹ́ yìí lórí o. Bí o bá ṣe é dáadáa, táyà iwájú gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ ibí di tìrẹ títí ìsinmi á fi parí.”

Inú Sípánà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe. Ó yí sítíárìn lọ sọ́tùn-ún, ó wò ó: ó mọ́. Ó yí i sósì dé òpin, ó dùbúlẹ̀, ó tan iná. Lára ike dúdú tó wà lábẹ́ mọ́gáàdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù kan, àmì funfun kan wà níbẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ.

“Sípánà o! Ṣé ẹ ń tún ọkọ̀ náà ṣe ni, àbí ẹ ń bí i?”

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ariwo ló ń pariwo lẹ́nu géètì, bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Fótò, ọmọ kíláàsì wọn mìíràn tí kì í gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ́ ya ọkọ̀ náà.

“Oòrùn ti ń lọ, fótò ò ní mọ́ mọ́,” Fótò sọ.

“Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ìwọ lo ṣe é,” Ariwo fi kún un. “Àbí irọ́ lo pa fún wa?”

Sípánà wo àmì náà. Bí ó bá pe ọ̀gá, táyà á tún sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ á di ọ̀la. Bí àtàǹpàkò péré! Ta ló tiẹ̀ máa ń yí sítíárìn dé òpin? Ó na ọwọ́ mú àkísà, ó nu àmì náà kúrò.

Ọ̀gá padà dé. “Báwo ni?”

“Ó mọ́, Bọ̀ọ̀dá.”

Ó mọ́ lóòótọ́. Òun ló nù ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìlagi. Inú ìyá náà dùn bí ọmọ tó wọ bàtà tuntun. “Wò ó, mo ń rí orí òrùlé àwọn èèyàn!” Wọ́n kọjá lórí gbogbo kòtò tó ti ń fìyà jẹ wọ́n, ikùn ọkọ̀ ò kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n di pákó kún ẹ̀yìn, fún káfíńtà kan tó ń kan òrùlé ilé ìwé, tó sì fẹ́ parí rẹ̀ kí òjò tó dé.

Ẹnu géètì ilé ìlagi ò fẹ̀. Ẹni tó bá ń jáde ní láti yí sósì gan-an, táyà iwájú á sì gun gegele sìmẹ́ńtì kan. Ìyá yí i. Táyà gun gegele náà. Nǹkan kan ha, ó ké, ó sì já páù.

“Kí nìyẹn? Ṣé òkúta ni?”

Sípánà lè kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lórí sítíárìn.

“Ẹ dúró, Màmá. Ẹ má yí i mọ́. Táyà ló ń ha ike mọ́gáàdì. Mo mọ̀ ọ́n láti àná.”

Ìyá pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Awakọ̀ kan yọ orí síta: “Ìyá oníbàtà gíga, bí bàtà bá ń ta yín, ẹ bọ́ ọ, ká rí ọ̀nà lọ!”

Ìyá fi fóònù pe ọ̀gá, ó sì gun alùpùpù wá. Ike ti ya, ó wé mọ́ táyà. Orí bóòtù ti gé etí táyà tuntun náà.

“Ẹfun ò fi èyí hàn ọ́ ni?”

“Ó fi hàn mí, Bọ̀ọ̀dá. Mo nù ún.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ike náà kúrò lára táyà. Ìyá ló sọ̀rọ̀.

“Ọ̀nà òkè afárá ni mo fẹ́ gbà, níbi tí ọ̀nà ti yí sósì, tí kòtò jíjìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká ní o sọ fún mi pé òkúta ni, ǹ bá gba ibẹ̀ pẹ̀lú pákó yìí lẹ́yìn mi, àti ìwọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.” Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa tí o sọ ọ́. Kò dáa tí o fi pẹ́.”

Tìyá-tọmọ ló já pákó náà sílẹ̀ nínú oòrùn. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló gbé e lọ fún káfíńtà, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn sì bọ́ mọ́ ìyá lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rọra wa pikọ́ọ̀pù náà padà dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá gba iṣẹ́ táyà iwájú lọ́wọ́ Sípánà. Fífọ nọ́ọ̀tì nínú kẹrosíìnì ló bọ́ sí. Nígbà tí Ariwo dé, ó ní, “Wọ́n ní táyà rẹ ń jẹ mọ́gáàdì!”

“Ó jẹ ẹ́,” Sípánà dáhùn, “èmi ni mo sì nu ẹnu rẹ̀ nù, kí wọ́n má bàa mọ̀.”

Ariwo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í, ó bá a fọ nọ́ọ̀tì.

Nígbà tí ó yá, ọ̀gá pè é. Ó fi èékánná wo ibi tí táyà gé: kò jìn dé okùn inú rẹ̀. Ó fi í ṣe táyà ẹ̀yìn, ó sì gbé ti ẹ̀yìn síwájú, torí pé táyà ẹ̀yìn kì í yí sí ọ̀tún tàbí òsì. “Ṣe ìyókù.” Sípánà gé igun ike náà, ó yí bóòtù padà kí orí rẹ̀ má kọjú sí táyà mọ́, ó di gbogbo rẹ̀ le. Ó kun ẹfun. Ọ̀gá bá a gbé ẹsẹ̀ òsì gun gẹdú, Sípánà sì yí sítíárìn dé òpin.

“Ó mọ́ àbí kò mọ́?” ọ̀gá béèrè láti ibi tó jókòó sí.

“Ẹ wá fi ojú ara yín wò ó, Bọ̀ọ̀dá.”

Ọ̀gá dìde, ó dùbúlẹ̀, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó dìde, ó ti páálí ẹfun náà sínú àpò aṣọ iṣẹ́ Sípánà. “Táyà iwájú ti padà di tìrẹ. Kì í ṣe torí pé ó mọ́ o. Torí pé o pè mí ni.”

Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún gbé pákó jáde lẹ́nu géètì tóóró náà, ó yí i sósì dé òpin, táyà gun gegele, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Awakọ̀ ọjọ́sí yọ orí síta: “Ìyá oníbàtà gíga, ó ti bá ẹsẹ̀ yín mu nìyẹn!” Ìyá fun fèrè fún un, Sípánà sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí a bá nu àmì àṣìṣe nù, àṣìṣe náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ibi tí ọ̀nà bá ti yí. Ẹni tó bá tètè ké sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ló máa pàdánù. Ẹni tó bá fi í pa mọ́ ò mọ ohun tó máa bá a lọ.