Opó Ògiri

Inú pápá ìṣeré ni wọ́n ti bá òkú Ògiri. Ọkùnrin tó ń gé koríko pápá ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ògiri jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti òpó ilé gòólù, ó wọ bàtà bọ́ọ̀lù, ó sì so okùn rẹ̀ dáadáa. Agékoríko rò pé ó ń sinmi ni. Ó kí i, kò dáhùn. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, Ògiri sì yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àpò ìyẹ̀fun. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ó ṣàìsàn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kí ló wá ń fi bàtà bọ́ọ̀lù ṣe?

Ìbéèrè yẹn nìkan tó láti sọ fún oṣù kan gbáko, àmọ́ opó rẹ̀ tún dá kún un. Kí wọ́n tó sin ọkọ rẹ̀, ó ní kí àwọn dókítà la orí rẹ̀, kí wọ́n wo inú ẹ̀. Níbi ìsìnkú, omijé kan ò bọ́ lójú obìnrin náà. Ó kàn dúró, ó ń wo orí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wá síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yan ọsàn lórí àtẹ.

"Ẹ gbọ́ ná," ni Alágbàfọ̀ wí. Alágbàfọ̀ ni obìnrin tó ń fọṣọ ní orígun àdúgbò. Aṣọ àwọn èèyàn àti ọ̀rọ̀ wọn ló jọ máa ń sá sórí okùn. "Ta ló ń ní kí wọ́n la orí ọkọ òun, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ jẹ ọpọlọ inú ẹ̀?"

Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ, abẹ́rẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un lọ́wọ́. Ìdí pàtàkì wà tí ẹ̀rù fi bà á. Ọkọ tirẹ̀ àti Ògiri ni wọ́n jọ dúró lẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ kan náà fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní Ògiri torí kò sẹ́ni tó ń gba ibi tó bá dúró sí kọjá. Wọ́n ń pe ọkọ Aránṣọ ní Orí Irin, torí bọ́ọ̀lù tó bá ti ga, tirẹ̀ ni. Orí ló fi ń lé e, orí náà ló fi ń gbá a sílé. Nígbà tí Ògiri fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ búrẹ́dì ló ń wà kiri. Orí Irin ṣì ń gbá a lọ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, alága ẹgbẹ́ sì ti ní kó wá tọwọ́ bọ̀wé fún sáà kan sí i.

"Ṣé ẹ máa tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni?" Aránṣọ bi í lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú yẹn.

"Kí ni mo fẹ́ ṣe tí mi ò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́? Ṣé kí èmi náà lọ máa pín búrẹ́dì?"

"Ẹ ṣáà ní adìyẹ."

"Adìyẹ ò lè pàtẹ́wọ́ fún mi."

Ilé adìyẹ náà wà lẹ́yìnkùlé wọn. Orí Irin ló kọ́ ọ sílẹ̀ de ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá tán. Ó ní nǹkan bí igba adìyẹ nínú ẹ̀, àwọ̀n ló yí i ká, tapólì sì wà lókè tí wọ́n máa ń fà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí òjò bá ń bọ̀. Aránṣọ fẹ́ràn ibẹ̀. Tó bá ń wo àwọn adìyẹ yẹn, ó máa ń rí ọjọ́ iwájú tí ọkọ rẹ̀ ò ní máa tiro wọlé.

Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin Ògiri, inú ilé yẹn ò tòrò mọ́. Orí fífọ́ ò jẹ́ kí Orí Irin gbádùn. Ó ń ta kọ́tìnì sí fèrèsé lọ́sàn-án gangan, ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin pe ọmọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ abọ́ mọ́ ògiri nítorí omi tútù lásán, nígbà tó yá ó jókòó, ó ń wo àwọn àfọ́kù náà, ó sì bú sẹ́kún. Òwìwí kan tún sọ òrùlé ilé adìyẹ di ibùjókòó rẹ̀ láṣàálẹ́. Ìyá, màmá Orí Irin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ju bàtà lù ú títí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún fi há sórí páànù.

"Ìyàwó," ni Ìyá wí, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, "àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Obìnrin yẹn ti jẹ tiẹ̀ tán. Tiwa ló kù."

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí n má sọ ọ́? Kí n dákẹ́ títí á fi ní kí wọ́n la orí tèmi náà?"

Kò pẹ́ sígbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọjọ́ ń dágùdẹ̀, opó Ògiri wá kan ilẹ̀kùn géètì. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Aránṣọ ṣí i díẹ̀, ó fẹsẹ̀ dí àlàfo tó kù.

"Àbúrò mi, ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Ó wà, mà."

"Ṣé ó ti ń béèrè ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè tán? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ti ń dùn ún lójú? Ṣé ó ti ń ṣi ọmọ pè?"

Aránṣọ ò tíì sọ ọ̀kankan nínú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo mọ ọ̀nà tó máa ń gbà wọlé ni." Opó náà tẹjú mọ́ ọn. "Wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Má mú ìyá ọkọ ẹ dání o. Kó tó tọwọ́ bọ ìwé yẹn ni kó o wá."

Aránṣọ ti géètì pa, ó fẹ̀yìn tì í. Ta ló sọ fún obìnrin yìí pé ìwé kan wà?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Aránṣọ ti ọjà tó ti lọ ra òwú ìránṣọ dé, kò gbọ́ ohùn adìyẹ kankan. Oòrùn ń ràn bí iná. Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti fa tapólì bo ilé adìyẹ yíká, wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀ pinpin. Ó tú okùn rẹ̀, ooru fẹ́ lù ú lójú. Gbogbo adìyẹ ti kú, wọ́n nà sílẹ̀ lórí ara wọn, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ìyá ní òun sùn ní tòun, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Orí Irin jáde wá láti inú yàrá, ó wò wọ́n. Ó kàn gbé ṣọ́bìrì, ó ń gbẹ́ ilẹ̀.

"Igba adìyẹ lójú oorun!" Ìyá figbe ta tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. "Ọwọ́ èèyàn wo ló lè so irú okùn yìí?"

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Aránṣọ pinnu pé ojú ara òun ni òun máa fi rí i. Ó wérí, ó gba ẹ̀yìn ilé opó náà lọ, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kọ́tìnì ò bò tán. Àwọn obìnrin ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láìkanlẹ̀kùn. Wọ́n jókòó yíká. Ọkùnrin arúgbó kan wà láàárín wọn, wọ́n so aṣọ mọ́ ọn láyà bí ọmọdé, ọ̀kan nínú wọn sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ.

"Tèmi ò ní pẹ́ lọ mọ́," ni ọ̀kan wí.

"Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jẹ wọ́n," ni opó Ògiri dáhùn. "Látorí ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ti Aránṣọ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì ń retí ìyàwó ẹ̀."

Aránṣọ ò mọ bí òun ṣe délé. Ó kàn rí i pé òun ti ń sọ ọ́ fún Ìyá, èémí rẹ̀ ń ga sókè sódò. Kó tó rí omi mu, Ìyá ti wà lójú títì, Alágbàfọ̀ sì ti ń kan ilẹ̀kùn kiri. Èèyàn pé jọ, àwọn kan mú igi dání. Wọ́n pàdé Orí Irin lọ́nà, ó ń ti ibi ìdánrawò bọ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká. Ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó dúró dá a lóhùn, ó sì tẹ̀ lé wọn.

"Jáde wá o!" Ìyá ń gbá ilẹ̀kùn opó náà. "Bó o bá máa pa mí, kí n ti rí ojú ẹ ná!"

Opó Ògiri ṣílẹ̀kùn, ó sì ṣí i gbayawu. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú igi dání náà, ẹ wọlé."

Kò sẹ́ni tó retí ìyẹn. Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ yọjú, ó rí ọkùnrin tí wọ́n ń bọ́, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. "Àrá! Àrá rè é!"

Gbogbo wọn mọ Àrá. Ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí àwọ̀n fi ń ya, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kọrin nígbà kan. Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ó lọ sókè òkun, pé ó ń gbádùn.

"Kò sí òkè òkun kankan," ni obìnrin tó mú ṣíbí wí. "Inú yàrá ló wà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Èmi ni ìyàwó ẹ̀. Kò mọ̀ mí mọ́, mọ́mì ló ń pè mí."

Obìnrin kan tó wọ awò ojú dìde nínú wọn. Ó ní òun ni dókítà tó la orí Ògiri. "Ìyàwó ẹ̀ ló ní ká là á, torí ó fẹ́ mọ ohun tó pa ọkọ òun, kó lè sọ fún àwọn ìyàwó tó kù. Kóòṣì àgbà ẹgbẹ́ ló sì sọ fún un pé ọkọ Aránṣọ fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé. Ọpọlọ ẹ̀ ti rún. Bí èèyàn bá ń fi orí kan bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, tó tún ń forí gbárí, inú orí lè máa bàjẹ́ láìsí ọgbẹ́ kankan níta. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe. Àmọ́ ó ṣe Ògiri. Ó rò pé òun ní ìdíje lọ́jọ́ kejì. Ó gba ojú fèrèsé jáde lóru, ó lọ jókòó síbẹ̀ nínú òtútù, ọkàn ẹ̀ sì dáwọ́ dúró."

"Láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ni mo ti ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn," ni opó náà wí jẹ́ẹ́. "Fèrèsé ni mi ò rántí."

Ohùn rẹ̀ ló tú Aránṣọ palẹ̀. Síbẹ̀ ó béèrè, torí kò lè má béèrè. "Àwọn adìyẹ wa ńkọ́?"

"Èmi ni mo bò wọ́n."

Gbogbo èèyàn yíjú padà. Orí Irin dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀.

"Mo gbọ́ òjò," ni ó wí. "Mo gbọ́ ọ kedere lórí páànù. Mo jáde lọ fa tapólì, mo so ó, mo padà lọ sùn. Ìgbà tẹ́ ẹ pariwo ni mo tó rí i pé ilẹ̀ gbẹ."

Ìyá fi ọwọ́ di ara ògiri mú. "O mọ̀! O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa bú ọmọ ọlọ́mọ láti àná?"

"Màmá, ó rọrùn fún mi láti gbà pé àjẹ́ ni ju kí n gbà pé orí mi ni lọ."

Àwọn tó mú igi dání rọra ń yọ jáde lẹ́yìn. Ìyá fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú opó náà, àgbàlagbà bíi tiẹ̀. Opó náà gbá a mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. "Ẹ má fi mí ré, Màmá. Ẹ jókòó. Àga ò ní tó, àmọ́ ẹ jókòó." Orí èjìká Ìyá ló wá gbé ojú lé, tó sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Lọ́jọ́ kejì, Aránṣọ tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́. Alága bínú, ó ní, "Sáà kan péré! Orí ẹ yẹn la fi ń jẹun níbí o!"

"Òun náà ni mo fẹ́ fi mọ ọmọ mi," Orí Irin dáhùn. Kò jókòó, kò mu omi tí wọ́n gbé wá. Nígbà tí wọ́n jáde, ó dúró lójú ọ̀nà pẹ́ títí. Ó ní, "Kí ni mo wá jẹ́ báyìí?" Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tó yá, kóòṣì àgbà bá alága sọ ọ́, ẹgbẹ́ sì fún un ní àwọn ọmọ kéékèèké láti máa kọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń kọ́ wọn; bọ́ọ̀lù tó bá ti ga ju àyà lọ, ó ní kí wọ́n yẹra fún un. Owó rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn ń dára, àwọn mìíràn ò dára. Dókítà ò ṣèlérí. Ó ní bóyá ó tètè jáwọ́, bóyá kò tètè jáwọ́, ọjọ́ ló máa sọ. Aránṣọ ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ilẹ̀kùn dún mọ́. Ó máa ń ta jí pìrì, á na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó bá kan ara ọkọ rẹ̀, á wá mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì lọ jókòó láàárín òǹwòran. Ọmọkùnrin kan ló wọ ẹ̀wù tó jẹ́ ti Orí Irin tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìdíje kù díẹ̀ kó parí, wọ́n gbá kọ́nà. Bọ́ọ̀lù náà ga, ó ń bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ síbi tó dáa gan-an. Aránṣọ rí i tí ọrùn ọkọ rẹ̀ le, tí itan rẹ̀ gbé e dìde kúrò lórí àga láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nínú pápá, ọmọkùnrin yẹn fò, kò bá a. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí rẹ̀ lọ síta.

"Áà!" gbogbo pápá kérora. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wọn ké pé, "Ká ní Orí Irin ló wà níbẹ̀ ni!"

Orí Irin ṣì dúró. Aránṣọ fa apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó bojú wolẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì tún wo ibi tí bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri lọ.

"Jẹ́ kó máa lọ," ló wí, ó sì jókòó.