Mabrouka Mẹ́ta, Nọ́ńbà Mẹ́ta

Ìgbà ìkórè dàbínù ni ọ̀fun Mabrouka wú, ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Douz ní ilẹ̀ Tùnísíà. Saloua ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, nítorí kì í jẹ́ kí ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ òun dá lọ síbì kankan.

"Nọ́ńbà káàdì ọmọ ńkọ́?" Ridha, ọkùnrin nọ́ọ̀sì, béèrè.

"Ó wà nílé," Saloua dáhùn. "Ṣé ewúrẹ́ ọjà lọmọ mi, tí ẹ ó fi máa kọ nọ́ńbà sí i lára? Mabrouka ilé Ben Ghanem ni. Ta ni ò mọ̀ wá?"

Ridha rẹ́rìn-ín, ó tẹ orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ yọjú. "Kò sí oògùn tó ń bá a jà," ó wí, ó sì fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Ọkàn Saloua balẹ̀. Lóòótọ́ ni oògùn pẹnisílìnì mú kí ojú ọmọ náà wú lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kí ló tún kù tí òun fẹ́ sọ?

Ìyá àgbà ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Dákẹ́, orúkọ mi. Àwa mẹ́ta là ń jẹ́ Mabrouka nílé wa, kò sì sí ojo nínú wa."

Nejla, tó ń bójú tó àkójọ dátà ilé ìwòsàn náà, gbọ́ ọ. "Ridha, dúró! Ẹ ní mélòó, Màmá?"

"Mẹ́ta! Méjì nínú àwọn ọmọkùnrin mi ló fi orúkọ mi sọ ọmọ wọn."

Nejla wo kọ̀ǹpútà. Àkọsílẹ̀ ọmọ àbúrò ọkọ Saloua ni Ridha ṣí. Nígbà tó fi orúkọ ìyá wá ti ọmọ yìí gan-an, tó sì ṣí i, ìkìlọ̀ pupa yọ: ẹ má fún un ní pẹnisílìnì. Pẹnisílìnì gan-an ló sì wà nínú abẹ́rẹ́ Ridha. Saloua gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì sunkún.

"Ẹ má bínú," Ridha bẹ̀bẹ̀. "Ó yẹ kí n tún béèrè."

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ," Nejla fi dá wọn lára yá, "ilé kan náà ni gbogbo yín sì wò! Ìyá Mabrouka, ẹ gbọ́. Àtẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà yìí fún orúkọ èèyàn, òmíràn fún oògùn tó ń bá wọn jà, òmíràn fún ìgbà tí wọ́n wá. Nọ́ńbà káàdì ló so wọ́n kọ́ra. Tí mo bá tẹ ti ọmọ yín, gbogbo ohun tó jẹ́ tiẹ̀ á wá. Ti ẹlòmíràn ò ní bá a wá."

"Tí ẹnì kan bá lọ pa á rẹ́ ńkọ́?" Saloua béèrè.

"Dókítà nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ oògùn padà. Ridha lè kà á, kò lè fọwọ́ kàn án. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ sí ìlú míì. Bí iná bá tiẹ̀ jó ibí, ọ̀rọ̀ yín ò sọnù."

Ridha fún ọmọ ní oògùn mìíràn. Nejla náà tún ètò ṣe, kí orúkọ nìkan má lè ṣí ohunkóhun mọ́.

"Ìyàwó ọmọ mi àbíkẹ́yìn lóyún," ìyá àgbà wí. "Ṣé a ṣì lè ní Mabrouka kẹrin?"

"Ẹ bí mẹ́wàá, Màmá! Nọ́ńbà ò ní tán," Nejla dáhùn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ máa mú káàdì yín dání, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ oògùn tó ń bá yín jà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ má ṣe kàn ṣí àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ yọjú. Kò sóhun tó burú nínú fífi orúkọ ìyá ẹni sọmọ. Àmọ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí oògùn ọmọ kan má baà di májèlé fún èkejì.