Ogún Ohùn

Bí Onífèrè ti ń so okùn bàtà rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí ó tó gba ibi iṣẹ́ lọ, ohùn tó ń dún ní etí òsì rẹ̀ yí padà.

Kì í ṣe híhó etí ló yà á lẹ́nu. Etí òsì yẹn ti ń hó láti ọdún méjì sẹ́yìn, tọ̀sán tòru, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ohùn kan ṣoṣo ni, tín-ín-rín, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka olómi ra ẹnu ife. Ẹni tó mọ orin ni, ó sì ti fi fèrè rẹ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: sò ni, nínú dò, rè, mì. Sò láàárọ̀, sò lálẹ́. Ó ti mọ́ ọn lára bí aládùúgbò aláriwo ṣe ń mọ́ni lára. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yìí, pẹ̀lú okùn bàtà lọ́wọ́, ó gbọ́ tí sò dákẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí akọrin bá ń gba èémí. Lẹ́yìn náà ohùn náà gun orí là, ó sì dúró síbẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló fi dúró ti ẹ̀rọ ńlá kan tó ń lu ilẹ̀ gbì-gbì-gbì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un nígbà náà pé ariwo a máa jẹ etí bí ikán ṣe ń jẹ igi, láti inú wá. Orúkọ tí wọ́n ń pè é, Onífèrè, jáde láti inú ohun tó ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn mẹ́rin ló máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé nínú kíláàsì kan tó ṣófo: Tíṣà tó ń tẹ dùùrù, onígbàjámọ̀ tó ń lu ìlù, télọ̀ tó ń ta gìtá, àti òun tó ń fọn fèrè idẹ. Kò sí èyí tó ń fi orin jẹun nínú wọn. Onígbàjámọ̀ a máa sọ pé orin gan-an ló ń fi àwọn jẹun.

Dókítà elétí ti fi í sínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, ó fi ohun ìgbọ́ràn bò ó létí méjèèjì, ó ní kí ó máa tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tó bá gbọ́ ohùn. Nígbà tí wọ́n parí, ó fi ìlà kan hàn án lórí bébà, ìlà tó ń lọ jẹ́jẹ́ títí ó fi já wálẹ̀ bí ẹni jábọ́ lórí òkè. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn tó ń pa híhó etí. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé: kí ó máa fi rọ́bà dí etí níbi iṣẹ́, kí ó máa tan fáànù nígbà tó bá fẹ́ sùn kí ariwo rẹ̀ lè bo ti inú etí mọ́lẹ̀, kí ó sì máa fún etí nísinmi lẹ́yìn orin. Ó wá bi í bóyá ó lè fi fèrè sílẹ̀. Onífèrè ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó bi òun ní ìbéèrè mìíràn.

Láti ìgbà náà ló ti yí àga rẹ̀ padà ní kíláàsì, kí etí òsì lè kọjú sí ògiri. Ó ń bọ́ bàtà kó tó fọn fèrè, nítorí pé pátákó ilẹ̀ a máa gbé ìlù wá sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí etí tó gbọ́ ọ. Tíṣà a máa mi orí sí i níbi tó bá yẹ kí ó wọlé. Lọ́jọ́ tó ṣi ohùn fọn lẹ́ẹ̀mejì, tí télọ̀ sì ń wo ilẹ̀ kí ojú má baà tì í, ó lọ sílé, ó fọn orin náà nígbà ogójì. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe, a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ìyàwó òun kì í gbọ́ràn, pé kò sí ìdí tí dókítà fi ní láti fi bébà jẹ́rìí sí i.

Nígbà tí sò di là, ó padà lọ bi dókítà bóyá híhó etí a máa yí ohùn padà. Dókítà wo bébà rẹ̀ pẹ́. Ó ní ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì pe aláìsàn tó kàn wọlé.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni là fi dúró. Ní ọjọ́ kejìlá ó gba èémí, ó sì bọ́ sí fà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó di rè. Ẹ̀rù ba Onífèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò so ó lọ́wọ́. Ó fi àgékù bébà ibi iṣẹ́ rán ìwé kékeré kan, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀: sò, là, fà, rè. Ó ní ohun tí èèyàn bá ti kọ sílẹ̀, èèyàn lè wò ó lójú.

Oṣù mẹ́rin ń lọ. Àyè tó wà láàárín ohùn kan sí èkejì ń kúrú sí i: ọjọ́ méje, ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin. Ohùn mẹ́tàdínlógún ló ti wà nínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó gbé fèrè, tó sì fọn gbogbo wọn tẹ̀léra láì sinmi. Orin ni. Orin tó ń lọ jẹ́jẹ́, tó dùn títí dé inú eegun, bíi pé ẹnì kan ti kọ ọ́ fún un rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Kìkì pé kò tíì ní ìparí.

Yàrá ìyá rẹ̀ ló wà nígbà náà. Ìyá náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kó tó dití, ó ń kọ́ àwọn akọrin, èèyàn a sì máa dúró lójú títì láti gbọ́ orin rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjìlélógún rèé tí etí rẹ̀ méjèèjì ti di pátápátá. Ìkòkò lè fọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kó má mira. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ fún un sórí síléètì, tàbí kó wo ẹnu ẹni. Láti ọjọ́ tí etí rẹ̀ ti di, kò kọrin mọ́. Ó jókòó síbi fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, ó ń lẹ aṣọ. Ìdí nìyẹn tí Onífèrè fi máa ń lọ fọn fèrè níbẹ̀, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ìyá náà. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ tó ti gbẹ bí ewé sì jáde, ó ṣe déédéé láì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: rè, tì, dò. Orin náà parí.

"Ibo lo ti gbọ́ ọ?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Onífèrè na ìka sí etí òsì rẹ̀.

"Ogún ni," ni ìyá wí. "Mélòó lo ti ní?"

Ó fi ìka kà á fún un. Ìyá rẹ̀ tẹ́ aṣọ tó ń lẹ sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ nà án bí ẹni tó ń wá nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní ohun kan náà ló dún létí òun nígbà náà, ogún ohùn, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Òun ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí èyí tó kẹ́yìn dé. Dídùn rẹ̀ pọ̀ débi pé òun kò mọ ìgbà tí òun bá a kọ dò. Láti ìgbà náà, òun kò gbọ́ ohun kankan mọ́. Ó ní ìyá tó bí òun náà gbọ́ ọ; ní tiẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó di etí, ó sá sínú yàrá. Etí rẹ̀ di síbẹ̀ náà ni.

"Ta ló ń kọ ọ́, Màámi?" Onífèrè rọra la ẹnu kí ìyá rẹ̀ lè kà á.

"Mi ò rí i rí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ti gbọ́ bó ṣe ń gba èémí. Ohun tí kò bá ní ẹ̀dọ̀fóró kì í gba èémí."

Onífèrè kò sunkún. Ó jókòó ti ìwé rẹ̀. Rè yóò dé ní ọjọ́ Ẹtì, tì yóò dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dò yóò sì bọ́ sí Sátidé tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ lọ ṣeré fún ọ̀gá ilé ìwé tó ń fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó gbọ́, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó má lọ, kí ó dúró sílé, òun yóò jókòó tì í.

"Bí ó bá bá mi nílé, èmi nìkan ló bá," ni Onífèrè dá a lóhùn. "Bí ó bá bá mi níbẹ̀, àwa mẹ́rin ló bá."

Ìyá rẹ̀ ti bá a kọrin, ìyá àgbà ti dákẹ́ fún un, méjèèjì ló pàdánù. Onífèrè rò ó bí olórin ṣe ń rò ó. Gbogbo orin yẹn ń fẹ́ wọlé sí dò, bí arìnrìn-àjò tó ti rí òrùlé ilé rẹ̀ lókèèrè. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi là ti ìsàlẹ̀ sábẹ́ dò, dò kì í ṣe ilé mọ́, ó di oríta. Ó ti mọ ohun tí òun yóò ṣe nìyẹn. Ó sọ fún Tíṣà pé nígbàkígbà tó bá gbọ́ tí òun di là ti ìsàlẹ̀ mú lórí ìtàgé, kí ó fi ohun tó wà lójú ìwé sílẹ̀, kí ó bá òun tẹ̀ ẹ́, kí ó má bi òun léèrè. Tíṣà ní ọgbọ̀n ọdún rèé tí òun ti ń gbọ́ àṣẹ ìyàwó òun láì béèrè ìdí, pé ti Onífèrè kò lè ṣòro.

Rè dé lọ́jọ́ Ẹtì. Tì dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ní ìsinmi ọ̀sán, Onífèrè ń fọn là kan náà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, rọ́bà ní etí rẹ̀ méjèèjì, kí ètè lè mọ̀ ọ́n láì sí ìrànlọ́wọ́ etí.

Ní Sátidé, oòrùn ń wọlé gba fèrèsé gbọ̀ngàn ilé ìwé náà, àwọn èèyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Orin kẹta ni wọ́n wà nígbà tí Onífèrè gbọ́ èémí náà. Kì í ṣe inú etí lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ etí ni, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó kan irun ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dò dé.

Gbogbo ohùn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bí omi tó ń gbẹ. Ó ń wo ọwọ́ onígbàjámọ̀ tó ń lọ sókè sódò lórí ìlù, ìlù kò sì dún mọ́. Gìtá lọ. Dò nìkan ló kù, ó sì dùn, ó dùn ju ohunkóhun tó ti gbọ́ láyé lọ. Ètè rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń sún jọ láti fọn ọ́n. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹ ìka méjì mọ́ fèrè, ó fi ẹsẹ̀ lásán dúró ṣinṣin lórí pátákó, ó sì fọn là.

Kò gbọ́ ọ. Eyín rẹ̀ ló fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó di í mú, ó di í mú títí àyà rẹ̀ fi ń jó bí iná. Ó rí orí Tíṣà tó mì lẹ́ẹ̀kan, pátákó abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ̀n: dùùrù ti wọlé. Gìtá náà wọlé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ọ.

Dò gbọ̀n. Láti ọdún méjì àti oṣù mélòó kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn yẹn máa gbọ̀n. Ó ń wá ibi tí yóò dúró sí, kò rí i. Ó já.

Àtẹ́wọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ ní etí ọ̀tún rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ibẹ̀ ni orin náà parí sí. Etí òsì kò hó mọ́, kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́, títí di òní. Onífèrè gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ṣẹ́ kù, ọ̀kan sì tó fọn fèrè.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìdúró láàárín yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Ó dákẹ́," ni ìyá wí. "Dò yẹn. Láti ọdún méjìlélógún, kò dákẹ́ rí; àyàfi orin tó o fọn níjọ́sí, òun nìkan ni mò ń gbọ́. Mi ò sọ fún ọ kí ẹ̀rù má baà bà ọ́. Lọ́sàn-án òní, ó dákẹ́."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Onífèrè pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn etí ìyá rẹ̀ wò, ìyá kò mira. Adití ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti jókòó, ojú ìyá náà kọjá èjìká òsì ọmọ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ta ló ń kọrin lẹ́yìn rẹ?"

Onífèrè yíjú. Ògiri ni, àti àga kan. Ọkọ rẹ̀ kò tíì ti ìsọ̀ dé. Ó mú síléètì, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀: Kí ló ń kọ?

Ìyá rẹ̀ tẹ́ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ṣì ń kọ́ àwọn akọrin.

"Là," ni ó wí. "Là nìkan. Ó ṣì í kọ, ó sì tún ń padà sẹ́yìn. Ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ ni."

Onífèrè dìde, ó ṣí àpótí fèrè rẹ̀, ó nu ètè. Ó fa àga náà kúrò lára ògiri, ó gbé e síhà òsì rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ojú ìjókòó rẹ̀ bí ẹni tó ń retí akẹ́kọ̀ọ́.

"Màámi, ẹ sọ fún un kó jókòó," ni ó wí. "Mi ò tíì kọ́ ọ tán."

Ìyá rẹ̀ wo àga náà.

"Ó ti jókòó," ni ó wí.