Kọ Ọ́ Lẹ́ẹ̀kan, Kí O Máa Pè É

Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ki ahọ́n sáàárín eyín bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ orúkọ rẹ̀, òógùn sì ń kán nímú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Télọ̀ ṣe kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà nínú yàrá tí àwọn èèyàn ti ń háyà kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kúrò lórí itan.

Iṣẹ́ kóòdù kíkọ, ìyẹn kíkọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, lọmọbìnrin náà ń ṣe níbẹ̀. Ó yọjú wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń kọ tó gùn tó báyìí?"

"Orin ni." Ojú ti ọkùnrin náà díẹ̀. "Atẹdùùrù ni mí tẹ́lẹ̀, kí àìsàn tó mú ọwọ́ yìí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà lè dá ohùn fúnra rẹ̀. Mo wá ń ṣàlàyé ohùn kọ̀ọ̀kan fún un: bó ṣe máa ga tó, bó ṣe máa pẹ́ tó, bó ṣe máa rọlẹ̀."

"Mélòó lẹ ti kọ?"

"Ó lé ní igba. Orin náà ò sì tíì dé ìdajì."

"Yéè! Ẹ ó hewú sídìí ẹ̀." Ó fa àga jókòó. "Ẹ kọ bí a ṣe ń dá ohùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ lórúkọ, kẹ́ ẹ máa pè é. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá pè é, á jẹ́ yín."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Apá kan nínú kóòdù náà ń dá ohùn, èkejì ń tún un ṣe, ẹ̀kẹta ń tò ó di orin tó ṣeé gbọ́. Bí orin tuntun bá dé, bí àwọn ohùn ṣe tẹ̀ lé ara wọn nìkan ni wọ́n máa kọ. Obìnrin ló mọ kóòdù, ọkùnrin ló létí.

"Ẹ̀yin, ohùn yìí le jù. Ẹ jẹ́ kó mí," ni ọkùnrin náà wí lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀yin ẹ̀yin yẹn ti tó. Ṣé ìyá yín ni mí?"

"Ó dáa, ìwọ, olówó ìka mẹ́wàá."

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti sí nínú iṣẹ́ nìkan mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọkùnrin náà ló wu òun, bàbá kò gbọ́, kò gbà. "Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí," ni télọ̀ àgbà náà wí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Kí ló máa fi bọ́ ọ?"

Atẹdùùrù ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ, ó sì padà.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, kò yọjú. Ọmọ Télọ̀ ṣí orin tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Ó mọ bí a ṣe ń dá ohùn, ṣùgbọ́n kò mọ ohùn tó kàn. Ó pa ẹ̀rọ, ó lọ bá a nílé.

"Bàbá ẹ ò parọ́," ni ọkùnrin náà wí. "Mi ò fẹ́ kó o fi àánú fẹ́ mi."

"Àánú? Ṣé àánú ló ń mú mi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wá bá ọ?"

Ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ni kó o bá bàbá mi sọ ọ́, ayọ̀ mi. Mi ò lè bá ọ sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Ọmọ Télọ̀ sì tẹ̀ lé e. Bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ télọ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Kíkọ la kọ ọ́." Ó yí ìlà kan padà nínú kóòdù náà, orin kan náà tún jáde, ó wá nípọn bí ohùn àgbàlagbà.

Bàbá ronú títí, ó wá nàka sí àwọn bébà tó fi ń gé aṣọ, tí wọ́n wà lára ògiri. "Pátánì ni! Ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá ń rán ogún aṣọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ilé ẹ̀kọ́ méjì ti ní kí n wá ṣe orin fáwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Mo fẹ́ fi í ṣaya." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Bó o bá gbà."

"Mo ti gbà tipẹ́. Ìwọ lo pẹ́ kó o tó béèrè."

Bàbá dìde nídìí ẹ̀rọ. Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn.

"Dìde, jẹ́ kí n wọ̀n ọ́. Èmi ni mo máa rán aṣọ ọkọ ìyàwó."

Ó wọn àyà, ó wọn ẹ̀yìn. Nígbà tó kan ọwọ́ òsì tí kò lè gbéra, ó fúnra rẹ̀ gbé e sókè fún un, jẹ́jẹ́, títí ó fi wọ̀n ọ́n tán.