Ọwọ́ Tó So Wáyà

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe Elétí ní kàyéfì nípa mọ́tò náà ni pé ara rẹ̀ le jù. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì dúdú gbọọrọ ni, tó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, irú èyí tí wọ́n fi awọ bo síìtì rẹ̀, tí wọ́n sì fi pákó dídán ṣe iwájú rẹ̀ nínú. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, bó bá ti dàgbà, ìyọnu ni fún ẹni tó ni ín: lónìí ọ́ìlì ń jò, lọ́la iná kò tàn, lọ́túnla ó sàba sórí táyà bí àgbébọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Elétí ṣí bónẹ́ẹ̀tì èyí, inú rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń sùn láìhanrun.

"Bíréèkì rẹ̀ ló ń ké," ni obìnrin tó gbé e wá wí. "Ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe wà lọ́nà jíjìn."

Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ara rẹ̀ jí pépé, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ funfun sọ́wọ́ méjèèjì. Ó ní kí Elétí máa pe òun ní Màmá, òun á padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ nínú oòrùn láìwo ẹ̀yìn.

Elétí kì í ṣe orúkọ àbísọ mẹkáníìkì yìí. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé yóò fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan kan ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ sí etí, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò kó tó tú nǹkan kan. Kì í sábà ṣì í sọ. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í fi pamọ́. "Bí mo bá tú u tí mi ò bá a níbi tí mo wí," á ní, "ẹ gba sípánà lọ́wọ́ mi, ẹ gbé ìgbálẹ̀ fún mi."

Ó wa mọ́tò náà yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ igbe bíréèkì, ó sì mọ ibi tó ti ń wá. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ì bá ṣe é kó jókòó, ṣùgbọ́n mímọ́ inú bónẹ́ẹ̀tì yẹn kò jẹ́ kó sinmi. Ó fẹ́ mọ irú ẹni tó ń tọ́jú mọ́tò báyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná tọ́ọ̀ṣì wo kọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Lẹ́yìn rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú ẹ́ńjìnnì ló ti rí wáyà bàbà kan. Wọ́n fi so rọ́bà náà, wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí apá òsì, wọ́n sì tẹ ìrù rẹ̀ padà bí ìwọ̀ ẹja, kó má baà ha èèyàn lọ́wọ́.

Elétí sún iná tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn.

Èèyàn méjì péré ló mọ̀ tó ń so wáyà báyẹn. Òun ni ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni èkejì, ọlọ́wọ́ òsì ni, òun ló sì dá a sílẹ̀. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló pa ẹ̀gbọ́n náà, ọdún kẹsàn-án rèé. Elétí wà lára àwọn tó gbé e wọ ilẹ̀.

"Wáyà àtijọ́ ni," ó wí fún ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ti tún mọ́tò yìí ṣe rí nígbà ayé wọn."

Ìdáhùn náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi àkísà nu rọ́bà náà kó lè padé bónẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣe rọ́bà ti tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é sí i lára. Ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yẹn gan-an ni, oṣù kẹta.

Ó tún un nù lẹ́ẹ̀kejì. Kò yí padà.

Nígbà tí yóò fi yẹ mọ́tò náà wò tán, ó ti ka irú wáyà bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá. Lára òpó ilẹ̀kùn, ó rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà dà sẹ́yìn bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tì, àdírẹ́ẹ̀sì ọgbà mẹkáníìkì kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ní ìlú kan tó tó ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò.

Ohun táwọn èèyàn máa ń sọ kò ṣàjèjì sí Elétí. Wọ́n ní ẹni tó bá kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé a máa lọ gbé ìlú mìíràn, á ṣiṣẹ́, á láya, á bímọ. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá pe orúkọ rẹ̀, tó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, ó tán nìyẹn, a poora níbi tó wà. Elétí kò gbà á gbọ́ rí. Ohun tí èèyàn lè tú kó sì tún dè ló gbà gbọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ mọ́tò náà, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ dán an wò.

"Dé ibo, Bàbá Ìbejì?"

"Títí tó fi máa ké dáadáa."

Mọ́tò náà ń yọ́ lọ lójú títì bí ẹni ń fi ọwọ́ pa aṣọ àrán. Bí oòrùn ti ń mú síìtì, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára awọ rẹ̀, òórùn ìpara tútù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń fi pa oríkèé ìka lẹ́yìn iṣẹ́. Elétí ṣí gíláàsì sílẹ̀. Òórùn náà kò lọ.

Ọ̀sán ganrínganrín ló débẹ̀. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù ni ọgbà náà wà, abẹ́ páànù kan ṣoṣo. Wọ́n fi ìtì igi gbé lọ́rì kan sókè, ẹsẹ̀ méjèèjì ọkùnrin kan sì yọ síta lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan ń sá aṣọ. Ọmọdébìnrin bí ọlọ́dún mẹ́rin jókòó sórí táyà, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Ẹ káàsán, sà," obìnrin náà wí. Ó wo mọ́tò, ó sì rẹ́rìn-ín. "Dadí, mọ́tò Màmá dé o!"

"Ta ló wà á wá?" ni ohùn kan bi láti abẹ́ lọ́rì.

Bí wọ́n bá da ẹgbẹ̀rún ohùn pọ̀, Elétí yóò mú ìyẹn jáde nínú wọn.

"Ọkùnrin kan ni. Wọ́n tiẹ̀ jọ yín díẹ̀."

Ẹsẹ̀ méjèèjì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohùn náà wá wí pé, "Mú ọmọ dání, kí ẹ lọ ra omi tútù wá fún àlejò."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Elétí sún mọ́ lọ́rì náà.

"Bọ̀dá," ó wí. Ìyókù orúkọ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó rí i tí ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ̀n.

"Gbé e mì," ohùn náà wí jẹ́jẹ́. "Má bẹ̀rẹ̀ wò mí. Bí o bá parí orúkọ yẹn, mo ti lọ nìyẹn. Ọmọ yẹn á padà wá bá ṣòkòtò lásán lábẹ́ lọ́rì. Ìyá ẹ̀ ò mọ nǹkan kan."

"Ìyá wa ṣì ń sunkún yín."

"Mo mọ̀."

Ọwọ́ kan yọ síta lábẹ́ lọ́rì, ọwọ́ òsì, ọ́ìlì ti sọ ọ́ di dúdú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́. Elétí kò ronú. Ó wo àwọn irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ó mú sípánà onínọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, ó fi lé e lọ́wọ́. Òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fẹ́. Ìka wọn kanra. Ìka náà gbóná, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà á jù. Ká ní ó tutù ni, ì bá ti sá.

"Kí ló ń ṣe mọ́tò?"

"Bíréèkì ló ń ké, sà."

"Ẹsẹ̀ iwájú, lápá ọ̀tún. Irin tó yẹ kó máa yọ̀ níbẹ̀ ti gbẹ. Ha á, kí o fi gíríìsì díẹ̀ sí i."

"Mo ti gbọ́ ọ láti àná."

"Mo mọ̀ pé wàá gbọ́." Ẹ̀rín wà nínú ohùn náà.

"Kí ló dé tí ẹ ò fúnra yín ṣe é? Kí ló dé tí Màmá fi gbé e wá bá mi?"

"Mo ní kí wọ́n má wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú yẹn ti gbàgbé wa."

"Ẹ̀yin ta ni?"

Sípánà dúró.

"Èmi àti Màmá. Ọ̀sẹ̀ kan náà la kú," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "A jọ dé síbí ni. Bí ọ̀kan bá lọ, èkejì ò ní lè dúró. Tí Màmá bá bi ẹ́, o ò rí ẹnikẹ́ni."

Kí omi tútù tó dé, Elétí ti kúrò níbẹ̀. Òun tí kì í lè fi ohun kan sílẹ̀ láìwo inú rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ lọ́rì náà. Ó sunkún dé ìdajì ọ̀nà. Nígbà tó délé, ó tú ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún, ó ha irin náà, ó fi gíríìsì sí i. Igbe náà dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá fẹsẹ̀ rìn dé, nínú ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀. Ó jókòó sídìí mọ́tò, ó tan iná, ó sì tẹjú mọ́ nọ́ńbà tó ń sọ bí mọ́tò ti rìn tó.

"Ẹ rìn jìnnà o, Elétí."

"Mi kì í dá mọ́tò padà láìdán an wò, Màmá."

"Ẹ ò pàdé ojúlùmọ̀ kankan lọ́nà?"

Inú dígí ló ti ń wò ó. Elétí fi àkísà nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò purọ́ rí nípa ohun tó bá nínú mọ́tò oníbàárà. Ó pa èyí pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń sọ pé ọ́ìlì pé.

"Mọ́tò ni mo máa ń gbọ́, Màmá. Mi kì í wo ojú èèyàn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọwọ́ yín dáa," ó wí. "Ọwọ́ ìdílé yín ni."

Mọ́tò náà yọ́ jáde kúrò nínú ọgbà. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó Elétí ti ẹ̀yìnkùlé jáde, ó gbé bàsíà aṣọ dání. Ojú rẹ̀ bá ti ẹni tó ń wa mọ́tò náà. Bàsíà já bọ́.

"Bàbá Ìbejì! Ṣé ẹni tí mò ń wò yìí kọ́ ni tíṣà wa níléèwé, tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ sin? Ṣé kì í ṣe Tíṣà—"

Elétí fò, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ní oríta, mọ́tò náà dúró. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀. Iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì tàn, gíláàsì apá ibi tí obìnrin náà jókòó sí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí etí sílẹ̀. Elétí kò mú ọwọ́ kúrò. Ó nàró, ó wo dígí mọ́tò náà láìṣẹ́jú, ó sì mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú.

Ó pẹ́ kí gíláàsì náà tó tún gòkè. Mọ́tò náà yà sọ́wọ́ òsì, ó sì lọ.

Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ètè ìyàwó rẹ̀ ṣì ń pe orúkọ náà, léraléra, láìsí ohùn.